Àárọ̀ Tí Búrọ́ọ̀ṣì Oníná Gbé Mi Dé Ọsibítù

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ki búrọ́ọ̀ṣì oníná bọ ẹnu, tí mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi títí ayé. Ẹ̀rù ọjọ́ náà ò tíì kúrò lára mi tán. Ọmọ ọmọ mi, Rófíà, ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú fóònù, torí èmi ò lọ sílé ìwé rárá. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe o. Bó bá ṣe jáde lẹ́nu mi ni kó ṣe kọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ná ọjà Láfẹ́nwá, ẹ lè ti rí mi rí. Ìyá Olórín ni wọ́n ń pè mí. Orín ni mo tà láti ìgbà ọmọge mi títí tí orúnkún fi ní kí n lọ jókòó sílé. Orín ìdí, orín ayán, orín àtá, èwo ni mi ò tà níbẹ̀? Àwọn tó ń gé e láti àwọn abúlé apá Ọ̀dẹdá ló máa ń já a fún mi ní ìdì ńlá ńlá, èmi á wá gé e kéékèèké, màá hó o, màá tò ó sórí àtẹ.

Ṣé irú mi ló wá yẹ kí ọ̀rọ̀ à ń fọ ẹnu dà láàmú?

Ìka ọwọ́ ló fa á. Làkúrègbé wọ ọwọ́ ọ̀tún mi, àwọn ìka ò ká mọ́ dáadáa. Bí mo bá di orín mú, á yọ bọ́. Mo wá ń fi tipátipá run ún, mo ń gún un mọ́ èrìgì, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Eyín kan lápá ọ̀tún ń mì bí òpó tí ikán ti jẹ nídìí.

Lásìkò ààwẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti le. Mo ń bẹ̀rù kí n má lọ gbé ẹ̀jẹ̀ mì kí ààwẹ̀ mi má bàa bàjẹ́, mo wá ń tu itọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Múlíkà, ìyàwó ọmọ mi, ìyẹn ìyá Rófíà, ló kíyè sí mi. Ẹnu Múlíkà ò nílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni.

Ó ní, "Màmá, itọ́ yìí pọ̀ o. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti lóyún?"

Mo ní, "Bó bá jẹ́ oyún ni, ìwọ lo máa tọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tu, ẹ̀rín gbẹ. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín. Ọmọbìnrin kékeré kan báyìí ni dókítà ọ̀hún, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó wo ẹnu mi títí, ó wá ní mò ń fọ eyín mi bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò ìrẹsì. Ó ní orín kọ́ ló burú, ọwọ́ tí kò ká mọ́ ló ń jẹ́ kí n fi agbára gún ara mi. Ó ní kí orín ṣì lọ sinmi ná.

Ó wá ní ọ̀nà méjì ló wà. Mo lè lo búrọ́ọ̀ṣì oníná, torí ọwọ́ rẹ̀ sanra, ọwọ́ mi á lè dì í mú, òun fúnra rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Tàbí kí n lo búrọ́ọ̀ṣì lásán tí irun rẹ̀ rọ̀, kí wọ́n fi aṣọ wé ìdí rẹ̀ títí tó fi máa ki tó ọwọ́ mi. Mo bi í pé èwo ló dáa jù. Ó ní méjèèjì dáa, èyí tí mo bá ti lè lò láàárọ̀ lálẹ́ láìfi í sílẹ̀ ni tèmi.

Ẹ gbọ́ ìdáhùn. Èmi ṣe bí dókítà ló ń yan nǹkan fúnni.

Bí Kúdírá, ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun, ṣe gbọ́ báyìí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ra nǹkan kan. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó fi oníná rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Àmọ́ Múlíkà náà ti ra ti lásán ní tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì di méjì nílé wa, tí àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ lórí fóònù.

Kúdírá ní, "Màmi, ọwọ́ yín ò ní ṣe wàhálà kankan. Ẹ kàn gbé e lé eyín ni, òun á ṣe ìyókù."

Múlíkà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí iná ò bá wá sí ńkọ́? Àbí ẹ ti gbàgbé ibí?"

"Bẹ́ ẹ bá ti ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ."

"Háà. Fóònù ọkọ mi ò lo ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì pe àwọn èèyàn."

Rófíà tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kí a lè rí i. Ó dún wùùù, bí ìgbà tí kòkòrò ńlá bá há sínú agolo. Ó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ rìn kiri lórí tábìlì. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi gbé ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi fún yín, èyí tí mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi, Sáfúrà, àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa á. Àárọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ọ̀tún wúwo, ó ní bí ẹni pé kì í ṣe tòun. A ní ó rẹ̀ ẹ́ ni, kó lọ dùbúlẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ọwọ́ ọ̀tún ti kú, ẹnu ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé òun ló máa ń pa gbogbo agbo ilé lẹ́rìn-ín, kò lè sọ ju "ẹ̀" lọ mọ́. Bó bá fẹ́ omi, "ẹ̀." Bí ara bá ń ro ó, "ẹ̀." Á máa wò mí, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, èmi á máa méfò.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti jí, kí n tó la ojú rárá, mo máa ń fi ahọ́n yí inú ẹnu mi ká. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá tèmi ṣì ni. Ta ni kí n sọ irú ìyẹn fún? Wọ́n á ní ìyá ti ń ṣarán.

Ẹ wá ní kí n ki ohun tó ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ bọ ẹnu, níbi tí kò jìnnà sí ọpọlọ?

Mo sọ fún Kúdírá pé búrọ́ọ̀ṣì lásán á tó mi. Ohùn rẹ̀ yí padà lórí fóònù. Ó ní kò burú. Ó wá ní ó kàn jẹ́ pé òun ò sí nítòsí láti bá mi di nǹkan kan mú ni, òun wá rò pé búrọ́ọ̀ṣì náà á máa bá òun ṣe é. Ìyá wo ló máa gbọ́ ìyẹn táá tún kọ̀? Mo ní màá lò ó.

Mo lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n tó tẹ bọ́tìnì, màá kọ́kọ́ ka bìsìmílà. Mo máa ń dì í mú bí ẹni di ejò lọ́rùn mú. Bí mo bá ṣe tán, ọwọ́ mi á ṣì máa ṣe wìrìwìrì fún ìgbà díẹ̀. Èmi á jókòó síbi kan, màá máa wo ọwọ́ náà títí tí yóò fi dákẹ́. Mi ò wí fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ èrìgì ti ń dín kù, n ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ohun kan ló wá ń jẹ mí lọ́kàn. Ọṣẹ ìfọyín yẹn ń dùn bíi súwíìtì. Ẹni tó ti run orín láti kékeré, bí ẹnu rẹ̀ ò bá ta á, ṣé ó lè gbà pé ó mọ́? Mo rántí pé èèpo àtá díẹ̀ ṣì wà nínú agolo kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ àtá, igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni, gbòǹgbò rẹ̀ la fi ń ṣe orín. Ó máa ń ta lẹ́nu bí ata, ó sì máa ń fi eyín tó ń dunni lára balẹ̀. Mo lọ èèpo náà kúnná. Mo rò ó pé dókítà ní kí orín lọ sinmi, kò sọ pé kí àtá lọ sinmi. Ẹ wo ọgbọ́n àgbàlagbà.

Bí mo ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣe àlùwàlá ìrun àsùbá, mo ki búrọ́ọ̀ṣì oníná bọ inú àtá. Apá ọ̀tún, níbi tí eyín ti ń mì, ni mo gbájú mọ́. Mo tẹ bọ́tìnì. Mo tì í mọ́ èrìgì bí ẹni ń run orín. Nígbà tó dákẹ́ fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí àsìkò rẹ̀ bá pé, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ní lónìí ni eyín yìí máa mọ̀ pé òun ní olówó.

Nígbà tí mo yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún ò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo fi ọwọ́ kàn án, kò mọ̀ pé mo kan òun. Ètè mi wúwo bí ẹni so òkúta mọ́ ọn. Ìfófòó àti itọ́ ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi, mi ò lè dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi, àwọn ìka ń ṣe wìrìwìrì, wọn ò fẹ́ gbọ́ tèmi.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún. Gẹ́gẹ́ bíi ti Sáfúrà.

Mo jókòó sórí àpótí tó wà ní balùwẹ̀, mo ń gbọ́ bí Múlíkà ṣe ń gbálẹ̀ níta. Ṣùà, ṣùà, ṣùà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi. Mo lè pè é. Ìgbàkúùgbà ni mo lè pè é. Mi ò pè é.

Kí ló dé tí mi ò pè é? Nílé tiwa, a kì í fi ẹnu tí a ò tíì fọ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi tọ́ wa. Bí ọmọ bá jí, tó bá fi ẹnu àìfọ̀ kí i, ńṣe ló máa ń wò ó bí ẹni pé ó da omi ìdọ̀tí sí òun lára. Láti kékeré títí tí mo fi darúgbó, mi ò yẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ìfófòó sì kún ẹnu mi, mi ò tíì fi omi yọ ọ́.

Àmọ́ n ò ní purọ́ fún yín. Àṣà nìkan kọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbìyànjú. Bí mo bá la ẹnu, tó bá jẹ́ "ẹ̀" ló jáde ńkọ́?

Múlíkà dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Mi ò dáhùn. Ìyẹn ò jọ ọ́ lójú, ó ti mọ̀ mí, ó mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé mi ò tíì fọ ẹnu. Mo nawọ́ sí ife omi kí n lè yọ ẹnu kíákíá. Àwọn ìka ò mú un. Ife já lulẹ̀, omi dà nù. Ìgbà yẹn ló wọlé.

Ó rí mi. Ó rí itọ́ tó ń dà lápá kan. Mo nawọ́ sí ẹnu mi.

Ó ní, "Màmá, ẹ di ọwọ́ mi mú pinpin." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún mi. Ìka tí kò ká tẹ́lẹ̀, ṣé ìgbà yẹn ló máa ká?

Ó ní, "Ẹ pe orúkọ mi."

Mo mi orí.

Múlíkà ò pariwo. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, torí mi ò rí ibi tí Múlíkà ti dákẹ́ rí. Òun náà bá wa tọ́jú Sáfúrà, ó mọ bó ṣe rí. Ó rọra fi etí ìborùn rẹ̀ nu ẹnu mi, ó wá sọ fún Rófíà pé kó sáré lọ dá kẹ̀kẹ́ dúró lójú títì.

Wọ́n fi mí sí àárín nínú kẹ̀kẹ́. Ojú ọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Oníkẹ̀kẹ́ ń wojú mi nínú dígí. "Ìyá, ẹ má sùn o. Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ mi?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ máa mì í lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá a dúró." Mo wá ń mi orí bí alángbá títí a fi dé Láfẹ́nwá.

Obìnrin tó wà ní ìsọ̀ mi báyìí ti ń to orín sórí àtẹ. Ó rí mi, ó juwọ́ sí mi. Mi ò ju tèmi padà. Mo rò pé kò lè gbéra, mi ò sì dán an wò.

Rófíà ti pe Kúdírá. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù, ó ń sunkún, ó ń bi wọ́n pé ṣé búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni, ṣé òun ni òun fọwọ́ ara òun pa ìyá òun. Mo fẹ́ sọ fún un pé rárá, pé àrùn náà ti wà nínú ìdílé wa, pé kó má fi ṣe ẹrù rù. Mo fẹ́ẹ́ la ẹnu. Mi ò là á.

Nínú ọkàn ni mo ń ka kálímọ̀ ṣàhádà. Mo ń bi ara mi pé ṣé Ọlọ́run máa ń gba èyí tí èèyàn ò fẹnu kà. Mo sì ń ro ẹni tó máa máa fi ṣíbí fún mi lẹ́kọ. Múlíkà náà ni. Mo rántí pé nígbà ti Sáfúrà, ó máa ń rẹ̀ mí nígbà míì tí màá fi jágbe mọ́ ọn pé kó sọ ohun tó fẹ́. Kó sọ ọ́. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ yẹn.

Nígbà tí a dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló gbà wá. Ó bi mí pé kí lorúkọ mi. Mi ò dáhùn.

Múlíkà ní, "Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni, mà. Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì ní kí n rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí o, ṣé irú àsìkò yẹn ló yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín? Mo fa ètè sẹ́yìn. Ó wò ó dáadáa. Ó ní kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo gbé tòsì. Mo wo ti ọ̀tún, mo ní kí n kàn ṣe bí ẹni gbé e. Ó gòkè. Ó dúró síbẹ̀, kò wálẹ̀. Èmi àti Múlíkà jọ ń wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni.

Nọ́ọ̀sì tẹ̀ síwájú, ó wo ìfófòó tó ti gbẹ mọ́ àgbọ̀n mi. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti fọ ẹnu láàárọ̀ yìí?"

Mo mi orí pé rárá, torí ẹnu tí a ò tíì fi omi yọ, a ò tíì fọ̀ ọ́.

Ó yíjú sí Múlíkà. "Ẹ bá mi wá omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tó bí ìyá mi. Ilé ìbáà máa jó, kò ní fi ẹnu àìfọ̀ pe panápaná."

Wọ́n gbé omi wá. Mo yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwáwí tán nìyẹn. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wojú mi. Ẹ̀rù tó bà mí ní ìṣẹ́jú yẹn, irú rẹ̀ ò bà mí rí, kódà lọ́jọ́ tí mo rọbí àkọ́bí mi. Mo la ẹnu.

"Bìsìmílàhi Ràmáánì Ràhíìmù."

Ó wúwo díẹ̀ lápá kan, ṣùgbọ́n ó jáde. Odindi ló jáde. Mo ní, "Múlíkà."

Ó ní, "Mà."

Mo tún ní, "Múlíkà."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, ó fi ìborùn bo ojú, ó ń sunkún.

Dókítà ọkùnrin kan dé. Ó yẹ ẹnu mi wò, ó fi imú fa òórùn rẹ̀, ó ní kí ni mo fi sẹ́nu. Mo ní búrọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì nìkan? Mo wo ilẹ̀. Mo ní, àti àtá díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Àtá! Ẹ fi ẹ̀rọ gún àtá wọ inú èrìgì, ẹnu ṣe máa ṣe tí kò ní kú?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. Àtá máa ń mú ẹnu kú. Kò sẹ́ni tó tà á tí kò mọ̀ ọ́n. Èmi yìí, ẹnu mi yìí, ni mo máa ń fi sọ fún oníbàárà tuntun pé bí ẹnu bá kú díẹ̀ kí wọ́n má bẹ̀rù, á lọ. Ẹ̀rù ti gba gbogbo orí mi, kò ṣẹ́ ààyè sílẹ̀ fún ohun tí mo mọ̀. Ti ọwọ́, dókítà ní bí mo ṣe ń fi gbogbo agbára di ohun tó ń gbọ̀n mú pẹ̀lú ìka tó ń ro mí ló fa á.

Múlíkà gbójú sókè, omijé ṣì wà níbẹ̀. "Màmá. Ẹ̀yin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tà á fún gbogbo Ẹ̀gbá?" A jọ rẹ́rìn-ín títí tí igbáàyà fi ń dùn mí.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan ni ǹ bá máa sọ fún yín.

Dókítà ò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó di nǹkan mọ́ apá mi, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó yí i sí apá kejì, ó tún wọ̀n ọ́n. Ó ní kí n sinmi, ó jáde, ó padà wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi.

Múlíkà ní, "Ó ń lò ó dáadáa, sà. Èmi ni mo máa ń kó o lé e lọ́wọ́."

Mo ní, "Mi ò lò ó."

Múlíkà yíjú sí mi. Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí ni mi ò ti lò ó mọ́. Oògùn yẹn ń jẹ́ kí n máa tọ̀ ṣáá, àlùwàlá mi kì í dúró, mo lè já ìrun kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí Múlíkà bá kó o lé mi lọ́wọ́, màá mu omi lé òfo, màá kó oògùn sínú agolo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi tí mò ń fi ahọ́n yẹ ẹnu wò láràárọ̀ nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ ni o.

Dókítà fa àga, ó jókòó sí iwájú mi bí ọmọ. Ó ní èyí tó dẹ́rù bà mí lónìí kì í ṣe àrùn rọpárọsẹ̀, àmọ́ àrùn náà gan-an ti wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo sì ṣílẹ̀kùn. Ó bi mí pé láti ìgbà tí ẹnu mi ti kú sí ìgbà tí Múlíkà wọlé, báwo ló ṣe pẹ́ tó? Mo ní ó tó kéèyàn gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé balùwẹ̀. Ó ní bó bá ti jẹ́ àrùn náà ni, gbogbo ìgbà tí ìgbálẹ̀ yẹn ń dún ni nǹkan á máa kú nínú orí mi. Ó ní wọ́n lè gba èèyàn là bí wọ́n bá tètè gbé e wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀?

Mo rántí Sáfúrà, tí a ní kó lọ dùbúlẹ̀ títí di ọ̀sán. Mi ò lè gbé orí sókè.

Wọ́n dá mi dúró títí ìrun àsárì fi kọjá. Dókítà pààrọ̀ oògùn mi, ó sì sọ àsìkò tí n óò máa lò ó tí kò ní máa da ìrun mi rú. Mo bi í lójú Múlíkà, mo sì ní kí Múlíkà tún un sọ.

Ti búrọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Mo padà sọ́dọ̀ dókítà eléyín, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì oníná ò ṣẹ̀ mí. Bí mo bá gbé e lé eyín jẹ́jẹ́ láìtì í, tí mi ò fi èèpo igi kankan sí i, ó dáa fún irú ọwọ́ mi. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ èmi ni mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí ọwọ́ rẹ̀ má kú, kò yẹ kó máa fi ohun tó ń mú ọwọ́ ṣe wìrìwìrì bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ rẹ̀. Bí èyí tòótọ́ bá dé láàárọ̀ kan, báwo ni màá ṣe dá a mọ̀? Mo mú búrọ́ọ̀ṣì lásán. Rófíà fi àlòkù aṣọ àdìrẹ wé ìdí rẹ̀, ó ki dáadáa, mi ò ní láti fún un mọ́wọ́.

Mo fúnra mi sọ fún Kúdírá. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti orí Sáfúrà, ìbẹ̀rù tí mi ò sọ fún un láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Kò bínú. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ lọ, òun kàn fẹ́ máa gbọ́ ohùn mi. Oníná ti di ti Múlíkà, ó fi orí tuntun tó bá a wá sí i. Ó ní òun ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ni. Ìtọ́jú ọ̀hún láàárọ̀ lálẹ́, pẹ̀lú orin.

Ẹ̀rù ò tíì tán, mo ti sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà nílé wa. Bí mo bá ti jí báyìí, kí n tó kan omi, kí n tó mú búrọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ẹnu àìfọ̀ tí ìyá mi kórìíra, mo máa ń kígbe pe Múlíkà pé mo ti jí o. Ó máa ń dáhùn láti ibi yòówù kó wà. Nígbà míì á ní, "Màmá, ẹnu yín ń rùn dé ibí." Èmi á ní kó fara dà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Èyí tí ọwọ́ yín bá gbà ni kẹ́ ẹ fi fọ ẹnu, oníná ni o, lásán ni o, ẹ má ṣáà gún ara yín. Ẹ lo oògùn yín. Bí nǹkan bá kú lára yín lójijì, ẹ pariwo, ẹ má wẹ̀, ẹ má fọ nǹkan kan. Ẹ sọ tiyín fún mi, Rófíà á kà á sí mi létí: kí lẹ ń fi pa mọ́ fún àwọn ará ilé yín nítorí ìbẹ̀rù? Ẹni tí àgbà bá sì wà nínú yàrá kejì sí, kó má tíì kọ nǹkan kan sí mi ná. Kó kọ́kọ́ lọ pè é, kó sì dúró títí tó fi máa dáhùn.